Ta Ló Ni Ihò Tí Eku Ń Gbà Wọlé?

(Ohùn: eku ń sáré lórí sílìn. Ẹnì kan fi igi ìgbálẹ̀ gbá sílìn, ó dákẹ́. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.)

Ẹni tó bá ti gbé ilé fésì-mí-àì-fésì-yú rí ní Ìdímù l'Ékòó kò ní béèrè ohun tó ń dún yẹn. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti dákẹ́ lóru, làwọn ará òkè sílìn máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àpò gàárì ti lu, wáyà tẹlifíṣàn ti bó, ìgbẹ́ eku dúdú wínníwínní sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ohun tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń ṣe sí i kò ju méjì lọ: wọn á ra oògùn eku lọ́wọ́ ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó kiri, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé mìíràn. Ètò wa tòní ń sọ pé ọ̀nà kẹta wà, òun ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ eku kó tó di ọ̀rọ̀ eku. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ihò ni kó kọ́kọ́ wá, kó wá béèrè pé: lábẹ́ òfin, ta ló ni ín?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní kíṣìnnì tí gbogbo ilé jọ ń lò. Níbi tí páìpù omi ìdọ̀tí ti gba inú ògiri jáde, bíríkìlà gbẹ́ ihò tó tóbi ju páìpù lọ, kò sì padà wá dí èyí tó ṣẹ́ kù. Àlàfo náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ṣùgbọ́n eku gọ́tà ńlá lè gba ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 kọjá, èkúté kéékèèké kò sì nílò ju ihò tí bírò lè wọ̀ lọ. Bí ihò bá tiẹ̀ kéré, wọn á fi eyín fẹ̀ ẹ́, torí eyín iwájú eku kì í yéé hù, ó sì ní láti máa gé nǹkan kó má bàa gùn jù. Ẹ wo ògiri tó yí ihò náà ká: ipa dúdú ọlọ́ràá wà níbẹ̀, níbi tí ara eku ti ń nù ún lálaalẹ́. Ẹ̀rí ni ipa yẹn. Ó fi hàn pé ìta ni wọ́n ti ń wọlé, pé yàrá ẹnì kan kọ́ ni orísun wọn. Abo eku kì í lóyún ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì lè bí ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹ bá pa tòní, ihò náà ṣì ń retí tọ̀la. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹbí tí kò ṣọ̀kan la sábà máa ń fi bá wí, ṣùgbọ́n lọ́rọ̀ eku, bí òwe náà ṣe dún ló ṣe rí.

Èkó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí. Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ nílùú náà, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1930. Ìjọba amúnisìn rí i pé àwọn ilé tó há mọ́ra, tí omi ìdọ̀tí kò rọ́nà lọ láyìíká wọn, ni eku sọ di ibùgbé. Lọ́dún 1928, wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí LEDB, láti wó àwọn àdúgbò kan kí wọ́n sì tún wọn tò. Wọ́n mọ̀ pé ilé ló ń fa eku, ṣùgbọ́n orí àwọn tó ń gbé ilé náà ni wọ́n di ẹrù rẹ̀ lé: àwọn ni wọ́n kó ẹrù, àwọn ni wọ́n fi ilé sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé mímọ̀ pé ilé ló jẹ̀bi kò tó. Ó gbọ́dọ̀ hàn kedere ẹni tí àtúnṣe já lé lórí.

(Ohùn: ìwé ń ṣí lọ́wọ́.)

Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù lọ́dún 2011 ló pín ẹrù náà. Òfin yìí yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ Ìdímù. Abala keje ní kí ayálégbé tọ́jú ibi tó gbà. Abala kẹjọ wá kọjú sí onílé: òun ni kó máa tún ìta ilé àti àwọn ibi àjùmọ̀lò ṣe. Ẹ fi ìpín yìí wo ihò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò. Àpò gàárì tí a kò dé, àwo tí a kò fọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ti ayálégbé ni. Ògiri ìta, etí òrùlé tó là, kọ́rídọ̀, kíṣìnnì àjùmọ̀lò, ìdérí sókàwèé tó fọ́: ti onílé ni. Ẹnì kan lè ní òfin náà kò dárúkọ eku. Òótọ́ ni. Kò dárúkọ òjò náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò sọ pé òrùlé tó ń jò kò kan onílé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2019 ti lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ó ní ilé gbọ́dọ̀ yẹ fún ọmọ ènìyàn títí ayálégbé yóò fi kúrò níbẹ̀, eku àti kòkòrò sì wà lára ohun tó lè sọ ọ́ di ilé tí kò yẹ. Tiwa kò tíì débẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ayálégbé Ìdímù di ẹjọ́ rẹ̀ mọ́ àtúnṣe, kó má fi ẹ̀gbin àti ìbẹ̀rù nìkan gbé e kalẹ̀.

Onílé kò ní ṣàìfèsì. Yóò ní ìdọ̀tí àwọn ayálégbé ló ń pe eku, àti pé ilé òun mọ́ kí wọ́n tó kó dé. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Bí ọkọ̀ PSP kò bá wá kó pàǹtí fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀rá oúnjẹ sì ṣù jọ lẹ́nu géètì, eku yóò pọ̀ láàárín ọgbà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ń fà wọ́n wá sí ìtòsí. Ihò ló ń mú wọn wọ yàrá. Ilé ẹlẹ́gbin tí kò níhò, ẹnu ọ̀nà ni eku rẹ̀ ń dúró sí. Ilé mímọ́ tó níhò, orí bẹ́ẹ̀dì ni tirẹ̀ ń sùn. Ewu ibẹ̀ sì ju ti àpò gàárì lọ. Ọdún 1969 ni wọ́n dá ibà Lásà mọ̀ ní abúlé Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní, a sì ti wá mọ̀ báyìí pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan tó bá kan oúnjẹ lè gbé e dé ara ènìyàn. Gbogbo eku kọ́ ló ń gbé e, àmọ́ ta ni yóò yẹ ẹ̀yà wọn wò lórí sílìn lóru?

Báwo wá ni ayálégbé ṣe lè lo ẹ̀tọ́ yìí? Lẹ́tà ni kó kọ, kì í ṣe kó pariwo sí kiatéká létí kànga. Kí lẹ́tà náà ka àwọn ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ ibi tí wọ́n wà, kó ní fọ́tò àti déètì, kó sì dá ọjọ́ tí a ń retí àtúnṣe. Kí gbogbo yàrá fọwọ́ sí i, torí eku tí a lé ní yàrá kìíní yóò sùn ní yàrá kẹta. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí onílé bá ní òun kò lówó lọ́wọ́, kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lákọsílẹ̀ láti tún un ṣe fúnra wọn, kí ìwé náà sì sọ bí owó náà yóò ṣe padà. Bí kò bá dáhùn rárá, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ wà fún gọ́tà àti pàǹtí, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 sì ń parí aáwọ̀ onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ ló kẹ́yìn.

Ìbẹ̀rù tó ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́ ni nótíìsì. Kò yẹ ká tan ara wa: onílé lè fún ayálégbé ní nótíìsì. Ṣùgbọ́n bí àgíríméǹtì kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni òfin fún ẹni tó ń san owó ọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń san ti oṣooṣù, kò sì sí onílé tó lè fi ipá kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta láìgba ilé ẹjọ́. Onílé tó lè lé ẹnì kan lọ́la yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó lé yàrá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó léwu ni kí ayálégbé dá owó ilé dúró láti fi jẹ onílé níyà. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù tó bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà ti fúnra rẹ̀ gbé ọ̀bẹ lé onílé lọ́wọ́. Oògùn olóró náà kò gbeni: eku yóò kú sórí sílìn, òórùn rẹ̀ yóò gba ilé, ọmọdé sì lè mu ún. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fi gbógun ti títa ìgò kéékèèké oògùn apakòkòrò dichlorvos ní ọjà lọ́dún 2019.

(Ohùn: ṣíbí bíríkìlà ń ha sìmẹ́ǹtì mọ́ ògiri.)

Kànrìnkàn onírin díẹ̀ tí a kì mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù, àti sìmẹ́ǹtì tí a fi bò ó: owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò san án ló ń fà á sẹ́yìn. Ìgbà tí ayálégbé sì lágbára jù láti yanjú ìyẹn ni ọjọ́ tí ejẹ́ǹtì mú un wá wo ilé, tí owó ṣì wà lápò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bí ejẹ́ǹtì bá ń fi táìlì àti ọ̀dà tuntun hàn yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ìdí páìpù.