Kí ẹ tó gun òkè ní Man: 'Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni kó ṣíwájú'

Ẹnìkan tó ti ń kó ẹgbẹ́ lọ gun òkè láti ọjọ́ pípẹ́ ló bá àwọn ọmọ Yorùbá kan sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Treichville, nílùú Abidjan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa gbéra lọ sí Man.



Mo rí i pé àwọn kan ti ra bàtà tuntun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn lójú mi.

Lọ́dún kan, àwa mọ́kànlá la lọ gun àpáta tí wọ́n ń pè ní Dent de Man, ìyẹn Eyín Man. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè bóyá ọ̀nà náà le. Èmi ni mo dá wọn lóhùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ ti darúgbó ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, wọn kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọn kò sọ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kò sọ pé àwọn gbàgbé oògùn sílé. Nígbà tí a gun òkè dé ìdajì, wọ́n ń dúró lóòrèkóòrè bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó sórí òkúta, òógùn bò wọ́n, wọn kò lè sọ̀rọ̀.

Afinimọ̀nà ní kí gbogbo wa padà. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní ó kù díẹ̀ ká dé ṣóńṣó. Bí a ṣe pín sí méjì nìyẹn. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta péré la ní, àwọn tó ń lọ sókè sì kó méjì lọ. Ilẹ̀ ṣú mọ́ àwa tí à ń gbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló wá pàdé wa. Ẹ̀gbọ́n náà wà láàyè lónìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rín tí mo fi wọ́n rín ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ibi tí ẹ ń lọ

Ọ̀nà Man láti Abidjan lé ní 550 kìlómítà. Ẹ máa gba Yamoussoukro àti Daloa kọjá. Ìlú òkè méjìdínlógún ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Òkè Tonkoui tó wà nítòsí ga ju 1,000 mítà lọ.

Eyín Man kò ga tó bẹ́ẹ̀, bíi 881 mítà ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kéré e, nítorí ó dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè nílé mọ̀ pé àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sí i. Níbí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ máa fi gun àpáta níbòmíràn. Òkè ìhín kò jẹ́ ká rí tọ̀hún.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ báyìí

Kí a tó kúrò níbí lónìí, kí oníkálukú wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, kó sọ. Ẹni tó bá lóyún, kó sọ. Ẹni tí ibi gíga máa ń kó láyà jẹ, kó sọ.

Ẹ lọ rí dókítà yín kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí tó pé. Bí dókítà bá ní kí ẹ má gun òkè, ẹ lè tẹ̀ lé wa dé ilé àlejò, kí ẹ sì lọ wo ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ múra ẹsẹ̀ yín sílẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí orí òkè jẹ́ ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ wọ bàtà tuntun. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà Adjamé, ẹ fi gun àtẹ̀gùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, a máa jọ rìn nínú igbó ọba Banco, tó wà láàárín Abidjan níbí, pẹ̀lú afinimọ̀nà. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín, nítorí ìgbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ló máa ń dunni.

Ẹrù yín

Omi lítà mẹ́ta fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí a bá ń gun òkè. Tọ́ọ̀ṣì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún ẹgbẹ́. Iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ tí a lè pò mọ́ omi. Ẹ̀wù òjò. Súwẹ́tà, nítorí ọyẹ́ máa ń mú lálẹ́, bí ènìyàn bá sì gun 1,000 mítà, ooru lè fi ìwọ̀n 6 dínkù lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oògùn yín, kó wà nínú báàgì tí ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn, kó má wà nínú ọkọ̀.

Ẹ mú owó sẹ́fà kéékèèké dání, nítorí nẹ́tíwọọ̀kì lè má sí. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sínú ìwé: 185 fún dókítà pàjáwìrì, 180 fún panápaná.

Òfin mẹ́ta

Èkíní, ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù ni yóò wà níwájú, tẹ̀lé afinimọ̀nà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, ẹ̀yìn ni wọ́n máa wà.

Èkejì, bí afinimọ̀nà bá ní kí a padà, gbogbo wa la máa padà. A kò ní pín sí méjì láé.

Ẹ̀kẹta, ẹ bọ̀wọ̀ fún onílẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Dan ni. Ní Gbêpleu, ohun ọ̀wọ̀ ni ọ̀bọ inú igbó wọn. Ẹni tó bá mọ ohun tí igbó Orò jẹ́ nílé kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àwọn òbí wa gbéra láti Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn wá sí ilẹ̀ yìí. Wọn kò dá rìn. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dání, wọ́n sì ń dúró de ara wọn.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Mọ́kànlá la lọ lọ́jọ́ náà, mọ́kànlá la bọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Mo jókòó síbi tábìlì yẹn. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó máa bọ̀. Mi ò ní rẹ́rìn-ín.