Ohun Tí A Rí ní Vézelay

Nígbà tí a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ìgbèríko Faransé, òkè Vézelay ni ó dá wa dúró jù. Níbẹ̀ ni Bernard ti wàásù ogun ìsìn ní 1146. Lókè ilẹ̀kùn inú ni ère òkúta kan wà, tí a gbẹ́ láàrin 1120 sí 1140: ìtànṣán ń ti ọwọ́ Olúwa bọ́ sórí àwọn Àpọ́sítélì, àwọn ẹ̀yà ayé sì yí wọn ká. Àwọn kan ní orí ajá, àwọn mìíràn ní etí tí ó gbòòrò bí ewé kókò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá pé, “Ọ̀gá, ṣé àwa ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀?”

A kò tètè fèsì. A ní agbẹ́kùúta náà kò rí olórí ajá rí, ìtàn ni ó gbọ́. Síbẹ̀ kò ti ẹnikẹ́ni sóde.

Ọmọ náà ní, “Ìbá ti kọ́kọ́ béèrè.”