Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Ó Wú Tí Kò Dun Ni

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ ní ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń sọ níbí. Ti òní, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé owó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí láti wọ́ọ̀fù Àpápá, níbi tí mo ti ń ka ẹrù. Ní ọdún 2011 ni ìyàwó mi kíyè sí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì ga ju ọ̀tún lọ. Mo fọwọ́ kàn án, ó le bí egungun, kò sì dùn mí rárá. Àwọn ọ̀rẹ́ ní mo ń sanra ni. Mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo mu àgbo, mo ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́mísítì. Nígbà tí èrìgì méjì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọkùnrin kan ládùúgbò bá mi yọ wọ́n. Ihò náà kò dí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe báyìí, wíwú náà sì ti tó ẹyin adìẹ.

Dókítà eyín ni ó kọ ìwé tí mo fi lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú dókítà bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n ya fọ́tò egungun, wọ́n gé ẹran bíńtín lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún mi: ameloblastoma. Láti ara ohun tí ó ń dá eyín sílẹ̀ ni ó ti ń hù. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ egungun díẹ̀díẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá láàárín ẹni ọdún 20 sí 40. Bí a bá kàn ha á lásán, ó lè padà wá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gé lára egungun àgbọ̀n mi, tí wọ́n fi irin so ó. Ká ní mo tètè lọ ni, ibi tí wọn ìbá gé ìbá kéré.

Kì í ṣe gbogbo wíwú ni ó ń lọ́ra bẹ́ẹ̀. Ní 1958 ni dókítà Denis Burkitt, ní Uganda, kọ̀wé nípa wíwú àgbọ̀n àwọn ọmọdé tí ń yára dàgbà. Ó wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Ẹ má pe é ní eyín tí ń hù, oògùn ń wò ó bí a bá tètè gbé ọmọ lọ. Bí eyín kíkẹ̀ bá mú kí abẹ́ àgbọ̀n wú, tí ahọ́n gbé sókè, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́, bí tírélà tilẹ̀ dí gbogbo ọ̀nà. Egbò ẹnu tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ, pàápàá ẹ̀yin tí ń mu sìgá. Ẹni tí ó bá yán tí àgbọ̀n rẹ̀ yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a létí kí ó lè padà!

Níwájú dókítà, ẹ sọ bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ má sì fi àgbo tí ẹ ń mu pamọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀, bóyá ó lè padà wá, àti iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́.

Owó yẹn ni mo fẹ́ parí sí. Ẹgbẹ́ tí mo wà nígbà náà fi fọ́ọ̀mù ìyáwó mi sílẹ̀ di ìpàdé oṣù. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀gbọ́n kan dìde, ó ní èrè wo ni àgbọ̀n fẹ́ mú wọlé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí owó tó jáde. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìyáwó àìsàn sínú òfin rẹ̀, èyí tí alága, akọ̀wé àti akápò lè fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ mẹ́ta bí ìwé ilé-ìwòsàn bá ti dé. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí irin náà wà, mo ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìpàdé.