Igi Igbó, Igi Ilé

Ẹ̀yin ará, igi a máa fa kábọ́ọ̀nù, èròjà tí í di èédú, láti inú afẹ́fẹ́. Òun ni nǹkan bí ìlàjì ìwọ̀n igi gbígbẹ. Bí a bá sun igi, yóò padà sí afẹ́fẹ́ láti dá kún ooru ayé; bí a bá fi kọ́lé, yóò wà nínú pákó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gé tí kò gbìn, igbó ni ó ń pa run. Igi wo ni ó yẹ ilé? Nígbà wo ni ó tó gé? Ìwádìí ni yóò dáhùn.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó. Ẹni tí ó gboyè àkọ́kọ́ lè ṣe ìwádìí níbẹ̀ fún oyè kejì àti ìkẹta. Bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ, ẹ má ṣe pè é ní agégi lásán. Òun ni yóò kọ́ wa bí a ó ti kọ́lé tí igbó kò fi ní tán.