Ta Ni Ó Gbẹ́ Erédò Ṣùngbọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ yín kó jọ sí ìdí asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹ mú sílétì yín dání, nítorí ìṣirò kan wà nínú ọ̀rọ̀ mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìlú wa, Ìjù-Odò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọmọkùnrin kan mú ìwé kan wá sí abẹ́ àtíbàbà tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí. Ó ní ohun tí òun kà níbẹ̀ ni pé àwọn píràmíìdì ilẹ̀ Íjíbítì kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, pé àwọn ẹ̀dá kan ni ó ti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ wọn. Bàbá àgbẹ̀ kan tí ó ń pọ́n àdá rẹ̀ gbójú sókè, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé àwọn náà ni ó wá gbẹ́ yàrà tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ta wá ni ó gbẹ́ ẹ? Kí ni wọ́n sì fẹ́ fi í ṣe?” Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti yapa. Ẹnì kan ní Ayaba Ṣébà ni, ẹnì kejì ní nítorí ogun ni, ẹnì kẹta ní ààlà ilẹ̀ lásán ni. Ilẹ̀ ṣú bá wa lórí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí Erédò Ṣùngbọ́ rí, kí ó ro yàrà kan tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ pupa, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ilẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n dà sí etí rẹ̀ níhà inú, tí ó di òkìtì gàgàrà. Ní ibi tí ó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20, èyíinì ni bí ẹsẹ̀ bàtà 65. Igi ńlá ti hù bò ó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ṣókùnkùn, tí ó sì tutù rinrin ní ọ̀sán gangan. Ó gba inú igbó, ó gba inú àbàtà, ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ká, gígùn rẹ̀ sì tó 100 máìlì. Ọ̀gbẹ́ni Peter Lloyd kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Odù ní ọdún 1959. Ní àwọn ọdún 1990, Patrick Darling fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó sì wọ̀n ọ́n. Ó fojú dá a pé ilẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀ ju òkúta tí ó wà nínú píràmíìdì tí ó tóbi jù lọ ní Íjíbítì.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú ní opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Ṣùngbọ́, ni ó mú kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun. Ibojì rẹ̀ ni wọ́n ń fi han ènìyàn ní Òkè-Èrì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Nítorí pé Bílíkísù ni àwọn Mùsùlùmí ń pe Ayaba Ṣébà, àwọn kan ní obìnrin kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ọdún 3,000 sẹ́yìn ni Sólómọ́nì jọba. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí Gérard Chouin jẹ́ ọ̀kan nínú olórí wọn wa ìdí òkìtì náà wò, wọ́n sì rí i pé láàárín bí ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n ṣe é. Ó lé ní 2,000 ọdún tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Èmi kò bá ẹni tí ń gbàdúrà ní Òkè-Èrì jà, ó sì lè jẹ́ pé obìnrin ńlá kan ń jẹ́ Ṣùngbọ́ ní tòótọ́. Ohun tí ó dùn mí ni pé bí a bá ti sọ ọ́ di ará Ṣébà, a ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é nìyẹn.

Bí wọ́n ti ṣe àwọn ará Íjíbítì náà nìyẹn. Láyé àtijọ́, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí ń rìn ìrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù ní àká tí Jósẹ́fù kó ọkà sí ni píràmíìdì. Àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ ìbá ti bi wọ́n pé àyè ọkà dà, nítorí pé òkúta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ tán, àfi ọ̀nà tóóró àti yàrá díẹ̀. Ní 1968 ni Erich von Däniken, ará Switzerland, gbé ìwé tirẹ̀ jáde nípa àwọn àlejò láti ojú ọ̀run, ìwé náà sì tà gidigidi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, Pierre Tallet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìwé òrépèté ní Wadi al-Jarf, létí Òkun Pupa. Merer, olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kan, ni ó kọ ọ́ ní bí ọdún 4,500 sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ni ó ń kọ bí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta láti Tura gba odò Náìlì lọ sí Giza, fún píràmíìdì Ọba Khufu. Àwa tí a ń gbé nítòsí odò mọ ohun tí ẹrù inú ọkọ̀ ń jẹ́. Ẹni tí ó bá lè fò láti ojú ọ̀run wá, kí ni yóò tún máa wa ọkọ̀ sí?

Ó wá ku ìṣirò wa. Ẹ ro àpótí kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Darling ní ilẹ̀ tí wọ́n wà ní Erédò yóò kún irú àpótí bẹ́ẹ̀ bíi 3,500,000. Mo bi bàbá aládàá wa, tí ó ti gbẹ́ kànga rí, pé ṣé ènìyàn kan lè wa ẹ̀kún àpótí kan lóòjọ́. Ó ní bí ó bá jẹun yó, ó lè ṣe é. Ó dára. Bí 1,000 ènìyàn bá ṣiṣẹ́ fún 100 ọjọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, 100,000 àpótí ni wọ́n yóò wà lọ́dún. Ẹ pín in wò. Ọdún 35 ni. Lóòótọ́, àfojúdá ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí òpin rẹ̀.

Kí ni wọ́n wá fi í ṣe? Ẹni tí ó ní ogun ni, ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́, nítorí ìhà inú ni òkìtì wà, kí ẹni tí ń bọ̀ láti ìta lè kọ́kọ́ já sínú yàrà. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun mélòó ni yóò ṣọ́ 100 máìlì? Ẹ jẹ́ kí a wo ìhà Benin pẹ̀lú, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Ìkálẹ̀ ní a ti ṣẹ̀ wá. Yàrà wà níbẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Iya, Jacob Egharevba sì kọ ọ́ pé Ọba Oguola ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹnubodè ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Yàrà kò lè pa ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó lè fi dandan mú àlejò, oníṣòwò àti amúnilẹ́rú gba ibi tí oníbodè ti ń dúró, kí a lè bi í pé níbo ni ó ń lọ. Bàbá aládàá kò gbà. Ó ní ogun ni, ogun ni.

Ní ọdún 1995 ni Nàìjíríà fi orúkọ Iya àti Erédò ránṣẹ́ sí UNESCO. Síbẹ̀ wọ́n ti wó apá ibìkan, wọ́n ti kọ́lé sí ibòmíràn, ọ̀nà ọkọ̀ sì ti gé e já. Ẹni tí ó bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èpẹ́, ọ̀nà náà gba àárín rẹ̀ kọjá. Kí ó bẹ awakọ̀ kí ó rọra níbẹ̀, kí ó sì wo ara òkìtì pupa náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì kí ọkọ̀ tó ré e kọjá.