Bámitálẹ́ Jẹ Wáyà Mi: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ajá Tí A Fi Sílẹ̀ Nílé

Ẹ rántí ìgbà kan tí ohùn mi ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú garawa? Ajá ló jẹ wáyà máìkì mi.

Bámitálẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ajá ilé wa ni, kì í ṣe ti òyìnbó. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni nígbà tí mo gbé e wálé. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Yaba, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni mò ń jáde, mo sì lè má wọlé títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti jẹ bàtà mẹ́ta, ìrọ̀rí kan, igun àga, àti héédfóònù tí mo fi owó oṣù rà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe? Tí mo bá wọlé, màá gbé bàtà náà sí i nímú, màá pariwo, màá gbá a. Á ká ìrù mọ́ ìdí, èmi náà á ní, "Ẹ ò rí i? Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi." Irọ́ ni. Ẹ̀rù mi ló ń bà á. Ajá tó jẹ bàtà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò lè mọ̀ pé torí bàtà yẹn lẹ ṣe ń na òun ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ohun tó kọ́ ni pé tí mo bá ti wọlé, ìyà dé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo bá wáyà ṣájà lápútọ́ọ̀pù mi tó ti já sí méjì. Orí rẹ̀ ṣì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, mi ò sì pa sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tí iná dé ni mo tó ronú. Àárọ̀ ni NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Ká ní iná wà ni, òkú Bámitálẹ́ ni ǹ bá bá nílé. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Bàbá onílé ti ní kí n wá ibi gbé e lọ, torí igbe rẹ̀. Wọ́n ní, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Mo ti bá ẹnì kan ní Ìkòròdú sọ̀rọ̀ pé kó wá mú un. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé, èmi ọdẹ, fèrè wo ni mo tíì fọn?

Mo gbé fóònù mi àtijọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó máa ká fídíò, mo jáde lọ. Nígbà tí mo wò ó lálẹ́, ogún ìṣẹ́jú ló fi ń ké lẹ́nu ọ̀nà, tó ń họ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló lọ mú sálúbàtà tí mo bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó wá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òórùn mi ló ń wá. Èmi tí mo sọ ọ́ ní Bámitálẹ́, èmi ni mi ò bá a tálẹ́.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, eyín. Láti bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, eyín àkọ́hù ọmọ ajá, tó jẹ́ 28, á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ní bí oṣù mẹ́fà sí méje, eyín àgbà 42 á ti kún ẹnu rẹ̀. Èrìgì ń dùn ún, àfi kó gé nǹkan jẹ. Ìkejì, ìdáwà. Èyí tó ń ké, tó ń họ ilẹ̀kùn kété tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ̀rù ló ń bà á.

Mo kó gbogbo wáyà sókè, bàtà wọnú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má fún un ní bàtà tó ti gbó kó fi ṣeré o. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tẹ́ ẹ rà lánàá. Mo ra rọ́bà líle tí wọ́n ṣe fún ajá. Tí mo bá wà nílé, màá fún un ní kárọ́ọ̀tì tó ti dì nínú fíríìsà. Òtútù yẹn ń tu èrìgì lára. Egungun adìẹ sísè ńkọ́? Rárá o. Ó máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó lè gún un nífun. Tí mo bá ká nǹkan mi mọ́ ọn lẹ́nu, màá fi rọ́bà pààrọ̀ rẹ̀, màá sì yìn ín.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ láti dá wà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo jáde fún ìṣẹ́jú kan, mo padà wọlé kó tó ké. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú méjì, márùn-ún, mẹ́wàá. Tó bá ké, mo mọ̀ pé mo ti sáré jù. Mo tún máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ láìlọ síbì kankan, kí ìró rẹ̀ má bàa máa já a láyà.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́: wákàtí mẹ́tàlá ti pọ̀ jù fún ọmọ ajá. Mo lọ bá màmá télọ̀ tó wà nísàlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bámitálẹ́ lè máa wà lọ́dọ̀ yín lọ́sàn-án?" Wọ́n ní, "Ajá tó ń sunkún lójoojúmọ́ yẹn? Mú un wá jàre." Mò ń fún wọn lówó díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi náà ń jí ní aago márùn-ún láti mú un rìn kí n tó lọ.

Ó gbà wá tó oṣù méjì. Ó ṣì jẹ ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bàbá onílé ò rojọ́ mọ́, ẹni Ìkòròdú sì ti wá ajá míì lọ. Tí tiyín ò bá yéé ké, tàbí tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bá a dúró lọ́sàn-án, ẹ dákun, ẹ má tíì ra ajá.

Ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, òun ni. Ó ń jẹ rọ́bà rẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.