Níbo Ni Kí Tírélà Máa Sùn?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Ìwó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí ti di àríyànjiyàn ní àdúgbò wa: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ó ní típà, lọ́rì tàbí tírélà máa gbé e wá sílé sùn?

Àwọn onílé ní kò yẹ. Wọ́n ní títì àdúgbò kò fẹ̀, a kò sì ṣe é fún ẹrù wúwo. Bí tírélà bá ń yà, táyà ẹ̀yìn a fọ́ ẹnu gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, omi a wọlé onílé. Ní ìdájí, dẹ́rẹ́bà a ṣíná ọkọ̀, a jẹ́ kí ó máa kùn títí, èéfín a sì kún yàrá ọlọ́yàrá. Èyí tí ó burú jù ni ti òru. Bí aboyún bá ń rọbí tí tírélà sì dí ọ̀nà, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí a bá gbé sí ẹ̀bá títì láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n lè ti tú bátìrì rẹ̀, kí wọ́n sì fa epo rẹ̀ gbẹ. Kí a má tan ara wa, ẹ̀yin ará. Nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, owó ẹgbẹ́ ni a fi ra òmíràn. Àwa ni a yá wọn lówó, àwa náà ni a ṣe onídùúró. Bí ọkọ̀ kò bá ṣiṣẹ́, owó oṣù kò ní wọlé, owó tí ìyá aláta fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa ni yóò sì wọ ewu.

Kì í ṣe Ìwó nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú ni aládùúgbò fi ń bá aládùúgbò jà. (Ìjà ẹni tí ó ti yó nìyẹn, tiwa jẹ́ ti oúnjẹ.) Èyí tí ó jọ tiwa ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ òfin wọn ti ọdún 1995, ẹni tí yóò fi ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ṣòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí ọkọ̀ náà yóò máa sùn kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn tí ilé wọn wà nítòsí sì lè kọ̀wé ta kò ó.

Ní tiwa, Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin, fi ibùdókọ̀ àti títì àdúgbò sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí àwọn onílé bá fẹ́ òfin, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ. Igi tí a gbé dí ọ̀nà ní alẹ́ kì í ṣe òfin.

Àwa kò lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ ní ibi tí ọkọ̀ yóò sùn. Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ háyà ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú, kí a mọ ògiri yí i ká, kí a tan iná sí i, kí a sì gba ọdẹ méjì. Kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa san owó alẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti bi wá pé, dẹ́rẹ́bà tí ó bá dé ní aago kan òru ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì rò ó tẹ́lẹ̀. Kí a kọ́ yàrá kan síbẹ̀ tí wọn yóò lè sùn sí. Láti ìsinsìnyí lọ, kí fọ́ọ̀mù owó ọkọ̀ máa bèèrè ibi tí ọkọ̀ yóò máa sùn, kí onídùúró sì fọwọ́ sí i.

Kí a tó rí ilẹ̀ náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, a bẹ̀ yín, ẹ fi àyè tí ọkọ̀ kékeré lè gbà kọjá sílẹ̀, kí aládùúgbò yín sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ó dìbò lórí àbá yìí ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ tí tírélà mẹ́wàá lè gbà, kí ó rí akọ̀wé kí ọjọ́ náà tó pé.